Ìdí jíìpù mi wólẹ̀, kò gbéra mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọ̀nà.

Lexus GX470 ti 2005 ni mo ń wà. Iwájú rẹ̀ dúró dáadáa, àmọ́ ẹ̀yìn ti lọ sílẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí táyà máa ha mọ́dígáàdì. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí mọ̀ pé sípíríǹgì onírin kọ́ ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Àpò rọ́bà méjì ni, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tí kọ́ńpírẹ́sọ̀ kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀ ń fún ní afẹ́fẹ́.

Kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Látìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo ti ń rí i pé bí mo bá jí láàárọ̀, apá òsì á ti rọlẹ̀. Mo bá tan ẹ́ńjìnnì, màá gbọ́ kùùù lábẹ́, á sì gbéra. Nígbà tó yá, kí ó tó gbéra di ìṣòro. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó iṣu láti Kàbbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Níbi tí tírélà ti fọ́ ọ̀dà lẹ́bàá Ọbàjànà, ìdí ọkọ̀ jókòó, kò sì dìde mọ́. Iná OFF ti ẹ̀yìn ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, n kò sì gbọ́ kùùù náà mọ́ rárá.

Mẹkáníìkì kan ní kọ́ńpírẹ́sọ̀ ti kú, kí n ránṣẹ́ ra tọ́kúnbọ̀ wá láti Èkó. Ẹnì kejì ní kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun fi sípíríǹgì Prado sí i. Ọkọ̀ yìí ni a fi ń gbé bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọn ò lè fara da kí ọkọ̀ máa gbá wọn sókè sódò. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò gbà ju ẹyọ nǹkan kan lọ. Èwo ni kí n ṣe?

Rìwáyà, Kàbbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí iná OFF bá dúró gbọnyin láì ṣẹ́jú, ẹnì kan ló tẹ bọ́tìnnì OFF tó ń dá iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn dúró: ọmọ tó fọ ọkọ̀, tàbí fọ́kànáísà tó gbé jáàkì. Ẹ tún un tẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣẹ́jú bí ẹ ṣe wí, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló rí àìdáa kan tó sì paná.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àpótí fúùsì. Lára ìdérí rẹ̀ ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ AIR SUS sí. Ẹ fa fúùsì yẹn yọ, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí okùn inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò, nọ́ńbà kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tó ga jù tàbí wáyà lásán so ó. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ tó ti rẹ̀ máa ń fa iná ju agbára rẹ̀ lọ, fúùsì ló sì yẹ kó já kí wáyà tó gbóná. Mo ti rí ọkọ̀ tó jóná nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Rílè rẹ̀ náà ńkọ́, ìyẹn ohun kékeré tó ń tan iná sí kọ́ńpírẹ́sọ̀? Ẹ wá òmíràn tó jọ ọ́ nínú àpótí yẹn, ẹ pààrọ̀ wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wò ó. Bí kò bá tíì dún, ẹ mú wáyà láti bátìrì 12V wá sórí kọ́ńpírẹ́sọ̀ tààrà. Bó bá dún, kò kú. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ ṣá, ó máa ń tètè gbóná.

Màmá, Mọ̀pà

Ẹ pẹ̀lẹ́ fún bàbá o. Mo ń bi yín: apá òsì nìkan ló ń rọlẹ̀ nígbà yẹn, àbí méjèèjì? Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìyàrá ń rọlẹ̀ lápá kan ṣáá, kọ́ńpírẹ́sọ̀ tuntun ni wọ́n rà fún un. Kò lò ó pẹ́ tí òun náà fi lọ.

Ẹni tó béèrè

Òsì ni, Màmá. Ọ̀tún máa ń tẹ̀lé e bó bá ti pẹ́.

Bàbá Mẹkáníìkì, Ìsánlú

Ìbéèrè Màmá Mọ̀pà ló kọ́kọ́ yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn béèrè. Ọkọ̀ tó ń rọlẹ̀ lóru lápá kan, afẹ́fẹ́ ló ń jò lápá yẹn. Bí ó bá ti ń jò, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ̀yìn ti lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa ní kí kọ́ńpírẹ́sọ̀ fẹ́, kò ní sinmi. A kò ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀: kó gbé ọkọ̀, kó dákẹ́. Nítorí náà jíjò ló ń pa kọ́ńpírẹ́sọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ kọ́ńpírẹ́sọ̀ tí kò wá ibi tó ń jò, ó ń fi òmíràn rọ́pò òkú ni.

Ẹ wá ibi tó ń jò báyìí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì OFF kí ẹ tó fi jáàkì kan ọkọ̀, kí ó má baà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbé e. Ẹ fi òkúta há táyà iwájú, ẹ fi sítáńdì gbé ṣáàsì ró. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnì kan má kó orí sábẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ nìkan tàbí jáàkì nìkan gbé. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó ki díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta á sí àpò náà. Ibi tí rọ́bà ti ká sínú ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ni kí ẹ farabalẹ̀ wò jù. Níbẹ̀ ni iyanrìn ọ̀nà pupa wa máa ń wọ̀ sí, tí á máa yun rọ́bà bí ọkọ̀ ti ń lọ sókè sódò. Ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín bíi gìgísẹ̀ tó là. Ibi tó bá ń jò, ọṣẹ á máa hó níbẹ̀ láì dáwọ́ dúró. Ẹ ta á sí ẹnu ọ̀pá ike tó gbé afẹ́fẹ́ wọlé náà.

Rọ́bà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ kò lè mú ọṣẹ hó o. Fúùsì tí Rìwáyà sọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kó lè gbé afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú.

Bí ẹ bá ti wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, òsì àti ọ̀tún. Apá irin kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ ìdí táyà. Orí rẹ̀ máa ń dípẹtà, á já. Bó bá já, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ yóò máa pa fún kọ̀ǹpútà.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀–Ìlọrin

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ má bínú, èmi kò gbà. Mo yọ tèmi, mo fi sípíríǹgì sí i, mo sinmi. Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà àpò afẹ́fẹ́.

Bàbá Mẹkáníìkì, Ìsánlú

Ọmọ mi, mi ò sọ pé sípíríǹgì kò dára. Ọkọ̀ Prado irú ìgbà yẹn àti GX470 jọ ń lo ìdí kan náà, ó wọlé dáadáa. Bí ẹrù lásán ni wọ́n ń kó, èmi gan-an máa ní kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ, bàbá tí ẹ̀yìn ń dùn ni wọ́n ń gbé. Sípíríǹgì tó le tó láti gbé iṣu yóò máa jù wọ́n sókè nígbà tí kò bá sí iṣu. Àpò yìí máa ń wọn ara rẹ̀, bí ẹrù wà bí kò sí. Ohun tó fi níye lórí nìyẹn.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Fúùsì ló já. Mo fi irú rẹ̀ sí i, kọ́ńpírẹ́sọ̀ dún, ẹ̀yìn rọra gbéra, ọ̀tún ṣáájú òsì. A ta ọṣẹ sí i: nísàlẹ̀ àpò òsì, níbi tó ká sí gan-an, ọṣẹ hó bí ẹni pé ẹnì kan ń fẹ́ ẹ láti inú. Ọ̀tún kò hó, àmọ́ ìlà wà lára rẹ̀ náà. Sẹ́ńsọ̀ méjèèjì kò já. Mo ti tẹ OFF, mo gbé ọkọ̀ sílé. Ṣé kí n ra àpò òsì nìkan? Ẹnì kan ní òun ní tọ́kúnbọ̀.

Bàbá Mẹkáníìkì, Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣe é bó ti yẹ. Tuntun ni kí ẹ rà, méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, èyí tó ní ìlà kò ní pẹ́ tẹ̀lé ìkejì rẹ̀. Àpò tọ́kúnbọ̀ ti gbó níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí wọ́n bá fi í tán, ẹ má sọ gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ lé rọ́bà òfìfo, á ká sí ibi tí kò yẹ, á sì là. Kí jáàkì ṣì gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tú OFF sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wọlé kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀ tán. Kí ẹ tún ta ọṣẹ sí i.

Rìwáyà, Kàbbà

Bí wọ́n bá fi àpò tuntun sí i tí fúùsì tún já, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi kí n wọn iye iná tí kọ́ńpírẹ́sọ̀ ń fà. Ìgbà yẹn la ó tó mọ̀ bóyá ó ti lọ.

Ẹni tó béèrè

Mo gbọ́. Méjèèjì ni màá rà. Títí wọ́n á fi dé, ọkọ̀ àbúrò mi ni màá fi gbé bàbá.