Ìmọ̀ràn lórí fífi Excel kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìṣirò

Olùkọ́ SS2: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ fi Excel kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò ní táàmù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó di ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lásán. Ọmọ méjìlélógójì ni wọ́n, kọ̀ǹpútà mẹ́fà péré la sì ní. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Àgbà Olùkọ́: Èlé lórí èlé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe àjèjì sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kí wọ́n kọ 100000 sínú àpótí A1 àti =A1*1.1 sínú A2 (ìyẹn ni pé èlé jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún), kí wọ́n sì fa fọ́múlà náà wá sílẹ̀ dé A6. Wọn yóò rí i pé owó náà di ₦161,051 lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ₦150,000 ni ìbá jẹ́ bí èlé kò bá gun orí èlé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi bírò ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́ sínú ìwé, torí pé ọmọ tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀ kò ní mọ ohun tí fọ́múlà ń bá a ṣe.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Bí ẹ bá wá dé orí gíráàfù, ẹ ṣọ́ra fún àmì ìyọkúrò. Nínú ìwé ìṣirò, −3² jẹ́ −9, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ =-3^2 sínú Excel, 9 ni yóò fún yín, nítorí pé ó kọ́kọ́ so àmì náà mọ́ 3. Ọmọ tó bá tẹ =-A1^2+4 yóò rí gíráàfù tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè dípò ìsàlẹ̀, yóò sì rò pé òun ni kò gbọ́ ohun tí ẹ kọ́ òun. Kí wọ́n tẹ =4-A1^2, tàbí kí wọ́n fi àkámọ́ sí i: =-(A1^2)+4. Èmi a máa jẹ́ kí wọ́n ṣe àṣìṣe náà ná, kí wọ́n fúnra wọn wá ìdí rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́: Ní ti kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ẹ pín àwọn ọmọ ní méje-méje, kí ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́, kí àwọn yòókù sì kọ èsì tí wọ́n ń retí sílẹ̀ kó tó jáde. Bí kò bá sí Excel, LibreOffice Calc, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò gba kọ́bọ̀, kò sì ń jẹ dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Olùkọ́ SS2: Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àmì ìyọkúrò yẹn rí nínú Calc?

Olùkọ́ Abẹ́òkúta: Bẹ́ẹ̀ ni, 9 kan náà ni yóò fún yín.