Ọmọ mi sọ pé "Jésù" kì í ṣe orúkọ tòótọ́ ti Olùgbàlà: kí ni kí n sọ fún un?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará nínú Kristi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jinlẹ̀ jù mí lọ nínú Ìwé Mímọ́ bá mi dá sí i.

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé kan tí ó ń kọ́ni pé Yéṣúà ni orúkọ tí áńgẹ́lì fún Olùgbàlà, pé àwọn kèfèrí ni wọ́n yí i padà kí a má baà mọ̀ ọ́n mọ́, àti pé ẹni tí ó bá fi "Jésù" parí àdúrà, ẹlòmíràn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá jọ gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti sọ pé "ní orúkọ Jésù", kì í ṣe "Àmín" mọ́. Yóò dákẹ́, yóò sì máa wo ilẹ̀. Kì í ṣe aláfojúdi ọmọ. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ẹnu mi kò fi gbà á láti bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni ó dùn mí jù. Nígbà tí ikú kàn án lára, tí kò lè sọ ohun mìíràn mọ́, orúkọ yẹn nìkan ni ó ń pè, "Jésù, Jésù", títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Òun ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ohun tí ọmọ mi sọ bá jẹ́ òtítọ́, ta ni ìyá mi ń pè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú. Ẹ sọ ohun tí ó wà nínú Ìwé fún mi, kí ẹ sì kọ́ mi bí mo ṣe lè bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ láìlé e jìnnà.

Ìdáhùn olùkọ́ Bíbélì kan

Ẹ kú ìrora ọkàn, Mà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ yín, nítorí bí a bá sẹ́ èyí tí ó tọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò ní fetí sí ìyókù. Láti inú èdè Hébérù ni orúkọ náà ti wá lóòótọ́. Jóṣúà àti Jésù, orúkọ kan náà ni. Nínú Númérì 13:16, Mósè yí orúkọ Hóṣéà ọmọ Núnì padà sí Jóṣúà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé OLÚWA ni ìgbàlà. Yéṣúà ni ìgékúrú rẹ̀ tí àwọn Júù wá ń lò lẹ́yìn ìgbèkùn Bábílónì. Nígbà tí áńgẹ́lì sọ fún Jósẹ́fù nínú Máttéù 1:21 pé kí ó sọ ọmọ náà ní orúkọ yìí nítorí pé òun ni yóò gba àwọn ènìyàn rẹ̀ là kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ìtumọ̀ orúkọ náà gan-an ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kèfèrí ni ó gbé orúkọ náà wọ inú èdè Gíríìkì. Àwọn Júù fúnra wọn ni. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì, kí a tó bí Olúwa wa rárá, "Iesous" ni wọ́n kọ fún Jóṣúà, nítorí pé Gíríìkì kò ní ìró "ṣ", ó sì sábà máa ń fi "s" parí orúkọ ọkùnrin. Èdè Gíríìkì yìí náà ni àwọn àpọ́sítélì fi kọ̀wé, "Iesous" sì ni wọ́n pe Olúwa nínú rẹ̀. Àní nínú Hébérù 4:8, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan Jóṣúà ọmọ Núnì, "Iesous" kan náà ni ó wà níbẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Láti ibẹ̀ ni ó ti di "Iesus" ní èdè Látìn, tí ó sì di Jésù lẹ́nu wa. Bí orúkọ yẹn bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, a jẹ́ pé Pọ́ọ̀lù, Farisí ọmọ Farisí, tí ó gbọ́ Hébérù dáadáa, ti kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú àwọn lẹ́tà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò rò pé ọmọ yín yóò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kà pọ̀, Mà. Jòhánù 19:19 àti 20 ni. Pílátù kọ àkọlé kan, ó fi í sórí àgbélébùú: "Jésù ti Násárẹ́tì, Ọba àwọn Júù." Jòhánù sọ fún wa pé èdè mẹ́ta ni a fi kọ ọ́: Hébérù, Látìn àti Gíríìkì. Ní wákàtí tí Olúwa ń kú fún wa, lókè orí rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà ní èdè mẹ́ta, kí ará ilé àti àlejò lè kà á. Àwọn olórí àlùfáà bínú sí àkọlé náà, wọ́n fẹ́ kí a yí i padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "Ọba" ni wọ́n ń bá jà. Kò sí ẹni tí ó bá èdè jà. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn yìí kí èyí tó yé mi, láti ìgbà náà ni n kò sì ti lè kà á kọjá láìdúró.

Ní ti ìyá yín, ẹ lọ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2. Ọjọ́ tí olúkúlùkù gbọ́ iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run ní èdè tí a bí i sí ni Pétérù dìde, tí ó sì tún ọ̀rọ̀ wòlíì Jóẹ́lì sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ké pe orúkọ Olúwa ni a ó gbà là. Ìyá yín ké pè é ní èdè tí a bí i sí. Ẹni tí ó ń pè mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn arábìnrin kan

Mà, mo fi ti àwọn ọmọkùnrin méje ti Síkéfà kún un, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19. Júù ni wọ́n, wọ́n pe orúkọ náà láti fi lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára ọkùnrin kan, síbẹ̀ ẹ̀mí náà bi wọ́n pé, "Jésù ni mo mọ̀, Pọ́ọ̀lù ni mo sì mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀yin?" Ọkùnrin náà lù wọ́n, wọ́n sá jáde ní ìhòòhò. Ohun tí wọ́n kò ní kì í ṣe ìpè orúkọ.

Ìdáhùn arákùnrin kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a tẹ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá gba Yéṣúà láyè nínú ilé lónìí, ẹ̀kọ́ mìíràn ni yóò tẹ̀lé e lọ́la, títí ọmọ náà yóò fi kúrò láàárín àwọn onígbàgbọ́ pátápátá. Mo ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ìyá kọ̀ fún un pátápátá láti lo orúkọ náà.

Ìdáhùn ọ̀dọ́kùnrin kan

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí. Èmi gan-an ti wà níbi tí ọmọ náà wà, fún nǹkan bí ọdún méjì. Ohun tí ó gbé mi débẹ̀ kì í ṣe ìṣọ̀tẹ̀. Mo ń gbọ́ bí a ṣe ń fi orúkọ mímọ́ yìí kún inú ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí, bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀ tí ohun kan bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, bí èmi pàápàá ṣe ń fi í parí àdúrà tí ọkàn mi kò sí nínú rẹ̀, bí ẹni tí ó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo kà pé orúkọ Ọlọ́run tí a fi lẹ́tà Hébérù mẹ́rin kọ fara hàn ní nǹkan bí ìgbà 6,800 nínú Májẹ̀mú Láéláé, síbẹ̀ pé nítorí ìbẹ̀rù òfin kẹta nínú Ẹ́kísódù 20:7, àwọn Júù kì í pè é jáde. "Olúwa mi" ni wọ́n ń kà dípò rẹ̀. Ojú tì mí. Mo rò pé bí mo bá rí ìpè tí ó tọ̀nà, ọ̀wọ̀ yóò padà sínú àdúrà mi.

Ọ̀wọ̀ kò padà nípa bẹ́ẹ̀. Oṣù mélòó kan ni ó gbà tí Yéṣúà náà fi di òǹtẹ̀ lẹ́nu mi. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé bàbá kan nínú ìjọ bi mí pé kí ni "ní orúkọ" túmọ̀ sí. Ó ní ẹni tí ọba rán níṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ọba, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ kún un. Nítorí náà, kí n tó sọ pé "ní orúkọ Jésù", kí n kọ́kọ́ bi ara mi bóyá Jésù lè fi ọwọ́ sí ohun tí mo béèrè. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ àdúrà ni mo ti dá dúró lágbedeméjì kí n tún un gbà.

Mà, ẹ bi ọmọ yín ohun tí ó kọ́kọ́ bà á lọ́kàn jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé náà. Ẹ má fòfin de Yéṣúà. Èmi ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn tí mo bá dá wà. Ohun tí ó léwu ni kí ó sọ pé Olúwa kò gbọ́ ẹni tí ó pè é ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ tún lè sọ fún un pé Hébérù wà lẹ́nu yín tipẹ́tipẹ́: ọ̀rọ̀ Hébérù ni "Àmín", "Yà" tí ó parí "Halelúyà" sì jẹ́ ìgékúrú orúkọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀.

Olùkọ́ Bíbélì náà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ arákùnrin wa kékeré yìí. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé nínú àdúrà tí Olúwa kọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ tí ó ṣáájú oúnjẹ àti ìdáríjì ni pé kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ Baba. Ọmọ yín ń ṣàfẹ́rí ohun tí ó tọ́, Mà.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará mi. Mo bi í ní ìbéèrè tí ọ̀dọ́kùnrin yìí kọ́ mi. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn, ó wá sọ pé nígbà tí ìyá àgbà ń ṣàìsàn, òun gbàdúrà ní orúkọ Jésù ní alaalẹ́ pé kí ó yè, kò sì yè. Ó ní òun rò pé bóyá orúkọ náà ni òun kò pè dáadáa.

N kò mọ̀ pé ohun tí ó gbé láti ìgbà náà nìyí. A jọ sunkún. Lẹ́yìn náà ni a ṣí Jòhánù 19, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá mi fún un, nítorí kò sí ní yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tíì sọ pé òun gbà pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí àdúrà bí mo ti máa ń parí rẹ̀, ó ṣe "Àmín".