Kòkòrò inú ọpọlọ: àyẹ̀wò wo ló yẹ ká béèrè?

Àbúrò_Ẹ̀gbọ́n: Ẹ kú ilé o. Wárápá ṣàdédé gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ kò ṣe é rí. CT (àwòrán X-ray tí ẹ̀rọ ń yà nínú orí) fi nǹkan roboto kékeré kan hàn nínú ọpọlọ rẹ̀. Dókítà ní ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Kí ni ẹ rò pé ó kàn?

Ayára: Ẹ fún un ní oògùn aràn, kíá.

Ará_Láàbù: Rárá o! MRI, àwòrán tí ẹ̀rọ oní-mágínẹ́ẹ̀tì ń yà, ló kàn. CT dára fún aràn tó ti kú tó sì ti le gan-an, àmọ́ MRI ló sábà máa ń fi orí aràn hàn nínú àpò omi rẹ̀. Bí wọ́n bá rí orí yẹn, kò sí àríyànjiyàn mọ́: Taenia solium, aràn ẹlẹ́dẹ̀, ni. Kí wọ́n fi ọ̀nà immunoblot (èyí tó ń wá èròjà tí ara fi ń bá aràn jà) yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló wà lọ́pọlọ, ẹ̀jẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn, kí ìyẹn má tàn yín jẹ.

Àbúrò_Ẹ̀gbọ́n: Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ o.

Ará_Láàbù: Kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyin aràn tó ti inú ìgbẹ́ ẹni tó ní in wọ oúnjẹ tàbí omi ló ń pa nínú ikùn, tí ọmọ rẹ̀ á sì gun orí lọ. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan nínú ilé ní aràn.

Ìyá_Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV? Bí iye CD4, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn, bá wà lábẹ́ 100, Toxoplasma, kòkòrò àìfojúrí kan, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á tún àwòrán yà lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Bí kò bá sunkì, ìgbà yẹn ni wọ́n á máa ronú àtigé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì gún un lẹ́yìn láti fa omi kí wọ́n tó rí i pé orí rẹ̀ kò wú nínú.

Ẹsẹ̀_Ti_Padà: Tèmi kì í ṣe orí. Ẹsẹ̀ mi rọ, ìtọ̀ há. Dókítà kan ló bi mí bóyá mo máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Àtọ̀sí ajá, aràn tí èèyàn ń kó nínú omi odò, ni, ó ti wọ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀! Wọn ò rí ẹyin rẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀. MRI àti ẹ̀jẹ̀ ló tú u fó.

Ará_Láàbù: @Ayára, aràn tó bá kú lójijì lè mú ọpọlọ wú. Kí dókítà ojú kọ́kọ́ wo inú ẹyinjú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní albendazole, oògùn aràn, torí bí aràn bá wà níbẹ̀, oògùn yẹn lè fọ́ ọ lójú.