Ìbéèrè mi lórí dídarí àwọn olùkọ́ ìṣirò: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè darí àwọn olùkọ́ ìṣirò ẹlẹgbẹ́ mi, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wò wọ́n ní kíláàsì. Kíláàsì tèmi ni mo kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀. Èmi àtàwọn olùkọ́ náà jọ gbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Japan. Àwọn ọmọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò, kì í ṣe èmi.

Ọmọ kan ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3, ó kọ 2/5. Mi ò fagi lé e. Mo ní, "Èwo ló tóbi jù, 2/5 àbí 1/2 tó o fi bẹ̀rẹ̀?" Ó dákẹ́ títí, ó pa á rẹ́, ó kọ 5/6. Ìdákẹ́ yẹn gan-an la jókòó sọ lẹ́yìn iṣẹ́. Olùkọ́ méjì ti ní ká wá sí tàwọn.

Ẹni tó ní kí n má gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń fún olùkọ́ ní máàkì dání, ẹ ṣeun gan-an ni.