Ẹ fẹ́ kó ara yín jọ lọ wo òkè Skọ́tláǹdì? Ẹ ka èyí kí ẹ tó yá ọkọ̀

Ẹ̀yin tó máa gbéra láti London tàbí Manchester, láísẹ́ńsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó gba láísẹ́ńsì mọ́tò lásán láti 1 January 1997 wá, ọkọ̀ tó ń gbé èrò mẹ́jọ pẹ̀lú awakọ̀ ni kó yá mọ. Bí ẹ bá jẹ́ méjìlá, ẹ yá ọkọ̀ méjì. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù méjìlá péré lẹ́yìn téèyàn bá dé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà, Nàìjíríà sì ti fi ìyẹn sílẹ̀ láti 2 April 1972, nítorí náà ẹ má fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kìíní.

Ọkọ̀ oníjókòó mẹ́sàn-án tí èrò kún inú rẹ̀ kì í gba àpótí líle mẹ́sàn-án. Báàgì rírọ̀ kọ̀ọ̀kan tó.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n tó sọ ti láísẹ́ńsì lókè yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú ọ̀nà kún un, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Wákàtí ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi máìlì ṣe é. Láti Glasgow dé Fort William lórí títì A82 jẹ́ nǹkan bí máìlì 108, àmọ́ ẹ ya wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un. Lẹ́yìn Tarbet, ọ̀nà náà fún mọ́ etí adágún Loch Lomond, bọ́ọ̀sì àti tírélà sì ń pàdé níbẹ̀.

Ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo ni olórí ọ̀rọ̀. Ní erékùṣù Skye àti apá etíkun ìwọ̀-oòrùn, ọ̀dà ọ̀nà míì ò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Wọ́n ṣe àyè kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pátákó "Passing Place" ló ń fi wọ́n hàn. Bí àyè náà bá wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ yà sínú rẹ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ dúró lọ́kàánkán rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ yà wọlé. Ẹ má sọdá sí ọ̀tún. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀ ni kí ẹ fún lọ́nà. Bí ará ìlú tó ń lọ síbi iṣẹ́ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ yà fún òun náà. Ẹ má páàkì síbẹ̀ láti ya fọ́tò rárá. Koríko etí ọ̀nà náà ò ṣeé gbọ́kàn lé: ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, táyà á rì.

Àṣìṣe tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe ni pé ọkọ̀ mẹ́ta á lẹ̀ mọ́ra wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù. Àyè kan lè má gbà ju ọkọ̀ méjì lọ. Bí ẹlòmíràn bá yọ níwájú, ẹni tó kẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn rìn, òun ni kò sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jìnnà síra, kí ẹ ti fẹnu kò síbi tí ẹ ó ti pàdé.

Nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ pátápátá, torí náà ẹ ti gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílùú. Bí epo bá kù ìdajì táǹkì, ẹ ra òmíràn. Ilé epo jìnnà síra, àwọn míì sì ń tì lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àgbọ̀nrín ń já sójú títì. Ní December, nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni oòrùn ń wọ̀ ní Inverness. Ẹni tó máa wakọ̀ kó má fẹnu kan ọtí: láti 2014, ìwọ̀n tí òfin Skọ́tláǹdì gbà jẹ́ 50 mílígíráàmù ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀, ti England ṣì jẹ́ 80.

* * *

Lórí tíkẹ́ẹ̀tì: ilé olódi Stirling àti Urquhart wà lábẹ́ Historic Environment Scotland, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ibi ìtàn. Culloden, Glencoe àti Glenfinnan wà lábẹ́ National Trust for Scotland, àjọ míì tí kì í ṣe ti ìjọba. Ilé olódi Eilean Donan kò sí lábẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Káàdì ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀kan kì í ṣí ilẹ̀kùn èkejì.

Ẹ dúró dáadáa ní Glencoe, kì í ṣe torí òkè nìkan. Ní 1692, àwọn ọmọ ogun ìjọba dé sílé àwọn ìdílé MacDonald bí àlejò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi jẹun wọn, tí wọ́n sùn sílé wọn. Ní ìdájí 13 February, wọ́n dìde pa àwọn tó gbà wọ́n sílé, nǹkan bí ènìyàn 38. Ẹ fojú inú wo ilé tiyín, kí àlejò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Culloden, ẹ ò ní san owó láti rin pápá ogun náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ẹ ó san owó rẹ̀. Ogun 16 April 1746, tí ọmọ ogun ìjọba fi ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará òkè, kò tó wákàtí kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin de àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin òkè níbẹ̀ láti wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn, wọn ò sì fagi lé e títí di 1782. Ẹ má gun òkìtì sàréè. Àwọn ọmọ ìdílé wọn ṣì ń wá láti òkèèrè.

* * *

Mo fi kan kún un: láàárín May sí September, midge, kòkòrò tí kò ju kantíkantí lọ, máa ń bo ènìyàn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dúró, pàápàá láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó jẹun níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ẹ̀yin tó máa gba Gretna, ìlú ẹnubodè, padà sí England, ẹ yà sí ìlú Annan lórí títì A75, nǹkan bí máìlì mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Hugh Clapperton sí, arìnrìn-àjò tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1825, tó sì gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826.