Ẹ̀wù Kérésì àwọn ọmọ: ọ̀dà kò bó mọ́

Ẹ̀yin ará Kàbà àti Ìsánlú tí ẹ dá sí ìbéèrè mi lórí ọ̀dà aṣọ tí mo fi ń ya ìràwọ̀ sára ẹ̀wù, tó ń bó lẹ́yìn ìfọ̀ kan, ẹ ṣeun. Sítáàṣì ara ẹ̀wù tuntun ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹ̀wù náà, kí ó gbẹ dáadáa. Aṣọ òwú ló dára jù. Ẹ ki páálí sínú rẹ̀ kí ọ̀dà má baà ràn dé ẹ̀yìn. Ẹ gé ihò ìràwọ̀ sára páálí mìíràn, kí ẹ gbé e lé ojú ẹ̀wù. Fóòmù ni kí ẹ fi tẹ ọ̀dà sójú ihò náà díẹ̀díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì máa ń ti ọ̀dà wọ abẹ́ páálí tí ẹ gé yìí. Ọyẹ́ máa ń tan ènìyàn: ojú ọ̀dà á ti gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, kí ẹ yí inú ẹ̀wù síta, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, láìwọ́n omi.