Sípáníìṣì ní JSS: àwọn ọmọ ń sùn lójú mi, ẹ gbà mí o

Tíṣà Òkè-Fìà

Ẹ kú àṣálẹ́ o gbogbo ilé. Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní iléèwé aládàáni kan l'Óṣogbo níbí, táàmù yìí ni ọ̀gá wa ní kí n fi Sípáníìṣì kún un, pé àwọn òbí ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ Sípáníìṣì tèmi gan-an ò ju èyí tí mo kọ́ fọ́dún kan ní yunifásítì lọ. Ọmọ 38, píríọ́dù méjì lọ́sẹ̀, èyí tó burú jù ni ti Tọ́sìdeè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo máa kọ "yo soy, tú eres, él es" (èmi ni, ìwọ ni, òun ni) sí bọ́ọ̀dù, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á kà á bíi àdúrà asẹ́ńbìlì, kí n tó yíjú padà ọmọ mẹ́ta ti sùn lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí ọ̀kan sọ pé ebi ń pa òun, ó ní "soy hambre". Òun fúnra ẹ̀ wá di ebi! Kò síná, kò sí projector, fóònù ò gbọdọ̀ wọ ọgbà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Màmá Ìbejì

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Madrid kí n tó padà wálé, ohun tí mo fẹ́ sọ lè dà bíi yẹ̀yẹ́ àmọ́ ẹ gbọ́ ọ ná: ẹ yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò láàárín. Sípáníìṣì gbéra ní Spéìn, ẹ ní kó kọ́kọ́ yà ní London kó tó dé Òṣogbo, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́? Ọmọ tó ní "soy hambre" yẹn, "I am" ló gbé wá. "Tengo hambre" ni wọ́n ń wí, mo ní ebi, tó bá ti mọ tengo ó ti mọ púpọ̀, tengo sed ni òùngbẹ, tengo frío ni òtútù, tengo sueño ni oorun, ìyẹn sì wúlò fáwọn mẹ́ta tiyín.

Ẹ wá wo ibi tó dùn sí. Òyìnbó ní "I have a headache", Sípáníìṣì ní "me duele la cabeza", àwa ní orí ń fọ́ mi. Mélòó ló jọra nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Orí ló ń ṣiṣẹ́, èmi niṣẹ́ ń bá. Ti ẹsẹ̀ tiẹ̀ tún dáa jù, "me duele el pie", ẹsẹ̀ ń dùn mí. Duele, dùn! Wọn ò bára wọn tan o, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, àmọ́ ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé. Ẹ pín wọn sí dọ́kítà àti aláìsàn, kí dọ́kítà máa bèèrè "¿qué te duele?", kí aláìsàn di ibi tó ń dùn ún mú kó máa ké. Ariwo á pọ̀ o, ẹ yáa tètè kìlọ̀ fún tíṣà kíláàsì kejì.

"Me gusta" náà, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ máa ń bá a jìjàkadì, "ó wù mí" ni, ó tán. "Camisa roja", ẹ̀wù pupa, ẹ̀wù ṣáájú, pupa tẹ̀ lé e bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Tú ni ìwọ, usted ni ẹ̀yin tá a fi ń pe àgbà, ọmọ Yorùbá wo lẹ tún fẹ́ kọ́ níyẹn? Ibi tí Yorùbá ò ti ní gbà yín ni ti akọ àti abo, torí "ó" la ń pe ọkùnrin, obìnrin àti àga, lọ́dọ̀ tiwọn tábìlì gan-an obìnrin ni, la mesa, ọwọ́ náà la mano, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà "o" tó sábà máa ń jẹ́ ti akọ ló parí ẹ̀. Ìyẹn, wọ́n á kàn há a ni.

Ọmọ Òròkí

Màmá ti sọ ọ́ tán. Èmi ń ṣe lẹ́sìnnì fún ọmọ mẹ́wàá ní pálọ̀ mi n'Ígbóǹnà, lotería ló gbà mí. Eré àwọn ará Mẹ́síkò ni, ó jọ bíńgò, àmọ́ àwòrán ló wà níbi tí nọ́ńbà ì bá wà, káàdì 54, el gallo ni àkùkọ, el sol ni oòrùn, la luna ni òṣùpá, pátákó kọ̀ọ̀kan sì ní ojú 16. Páálí Indomie ni mo gé, mo fi báírò yàwòrán sí i. Ẹni tó ń pè á kàn pe orúkọ ni, kò ní fi àwòrán hàn wọ́n, tó bá wà lórí pátákó ẹ wàá gbé hóró ẹ̀wà lé e. Ẹ̀pà ni mo kọ́kọ́ lò, wọ́n jẹ ẹ́ tán kí eré tó parí.

Ẹ má gbàgbé àlọ́ àpamọ̀ o. "Oro parece, plata no es, ¿qué es?" Ó jọ wúrà, kì í ṣe fàdákà, kí ni o? Ìdáhùn ti wà lẹ́nu ẹni tó ń pa á: plata no, plátano, ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọjọ́ tí mo pa á fún wọn, ọmọ kan pariwo débi tí aládùúgbò fi yọjú.

Àti pé Òṣogbo mà la wà. Àwọn ará Kúbà ń wá sí ọdún Ọ̀ṣun níbí ní Ọ́gọ́ọ̀sì, Ochún ni wọ́n ń pè é, Ṣàngó ni Changó, Yemọja ni Yemayá, àṣẹ ni aché, babaláwo ni babalao. Sípáníìṣì ò ní ṣ ni wọ́n ṣe ń fi ch kọ ọ́. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló gbé e dání, ọdún 1886 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Ẹ kọ mẹ́wàá sí bọ́ọ̀dù kí wọ́n máa wá Yorùbá tó fara pamọ́ sínú ẹ̀, ẹ máa rí i bóyá ẹnikẹ́ni á sùn.

Bàbá Rọ̀fíà

Ọmọ Òròkí, mo gbọ́, àmọ́ ẹ rọra o. Bí ọmọ mi bá délé tó ní Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ́ òun lónìí, kùtù òwúrọ̀ ni ìyá ẹ̀ á ti dé gééètì. Bọ́ọ̀lù ò ní wàhálà. Gol ni góòlù, portero ni gólì-kípà, árbitro ni rẹfirí, kí wọ́n máa fi Sípáníìṣì ṣe kọ́mẹ́ńtì, Asisat Oshoala tiwa náà gbá fún Barcelona láti 2019 títí di 2024. Òbí tó bá sì bèèrè pé kí lọmọ òun fẹ́ fi ṣe, ẹ ní kó wo máàpù, Equatorial Guinea tí omi nìkan pààlà àwa àti wọn, Sípáníìṣì wà lára èdè ìjọba wọn.

Ọmọ Òròkí

Bàbá, ìtàn ni mo ní kí wọ́n kọ́ wọn o, mi ò ní kí wọ́n bọ ọ́ 😂

Tíṣà Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo dán ti dọ́kítà wò ní Tọ́sìdeè yìí. Ẹnì kankan ò sùn, ọ̀gá wa gan-an sáré wá wo ẹni tó ń sunkún. Ọmọ "soy hambre" ló ṣe dọ́kítà, ó ní gbogbo aláìsàn gbọ́dọ̀ pe òun ní usted. Ti Ochún màá kọ́kọ́ bi ọ̀gá wa. Ó ku ìṣòro kan, rr yẹn ò yí lẹ́nu wọn. Mo ní kí wọ́n sọ "perro", "pero" ni wọ́n ń sọ, ajá wá di ṣùgbọ́n.

Màmá Ìbejì

Ẹ ní kí wọ́n ṣe bíi ọ̀kadà tó ń gun òkè. Ẹ tún kìlọ̀ fún tíṣà kejì.